Àádọ́rin ọ̀sẹ̀, ọjọ́ mélòó?

Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ọjà ọlọ́rún-ọrún tí wọ́n ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún ná an. Ọmọ ilé-ìwé á ní ọjọ́ mẹ́rin ni. Àgbà á ní ọrún ni, nítorí ó ka ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ òrìṣà náà, ọjọ́ mẹ́rin ló ń yí po. Èdè tó ní ìṣirò tirẹ̀ báyìí ni Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi túmọ̀ Bíbélì lẹ́yìn tó dé Abẹ́òkúta ní 1846, títí odindi rẹ̀ fi jáde ní 1884.

Ní Dáníẹ́lì orí 9, "ọ̀sẹ̀" ni wọ́n kọ. Ara "méje" ni ọ̀rọ̀ Hébérù ibẹ̀ ti wá, kò sì sọ bóyá ọjọ́ ni tàbí ọdún. Ẹni tó mú ọ̀sẹ̀ òrìṣà yóò rí ọjọ́ 280 nínú àádọ́rin. Ẹni tó mú ti ṣọ́ọ̀ṣì yóò rí 490. Oníwàásù yóò sọ 490 yẹn di ọdún, yóò ní Bíbélì ló wí bẹ́ẹ̀. Èmi ìbá kọ "àádọ́rin ìdì méje", kó hàn pé ẹnì kan ní láti pinnu ohun tó wà nínú ìdì náà.

Orí 7 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: àkókò kan, àwọn àkókò, àti ààbọ̀. "Àwọn" kò sọ pé méjì ni, síbẹ̀ méjì ni wọ́n ń kà á, kó lè di ọdún mẹ́ta ààbọ̀, ọjọ́ 1,260. Ìfihàn orí 12 ti ìṣirò yìí lẹ́yìn dé ibẹ̀, mo gbà. Wọ́n á wá sọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan di ọdún, wọ́n á gbé e ka Ìsíkíẹ́lì orí 4. Ìsíkíẹ́lì ni Ọlọ́run sọ ìyẹn fún. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún Dáníẹ́lì. "Ìlànà ọjọ́-dípò-ọdún" ni mo fẹ́ ká máa pè é, kí etí lè gbọ́ pé pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ṣe. Òun ni William Miller lò ní Amẹ́ríkà fún ọjọ́ 2,300 inú Dáníẹ́lì orí 8, tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ fi dúró de Jésù ní 22 Oṣù Kẹwàá, 1844, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá wọn nínú ẹkún.

"Ìran" tí Jésù ní kò ní kọjá lọ nínú Mátíù orí 24 ló ń dùn mí jù. Àwọn kan fi 40 ọdún kún 1948 tí Ísírẹ́lì di orílẹ̀-èdè, wọ́n ní ayé ò ní kọjá 1988. Ta ló ní ìran ń tán ní 40 ọdún? Ní Abẹ́òkúta, ìran Lísàbi, akọni Ẹ̀gbá, ni a ń pe ara wa, ó sì ti lé ní 200 ọdún tí Lísàbi ti kú. Bó bá jẹ́ àwọn tí ń gbọ́ Jésù lọ́jọ́ náà ló ń bá wí, "àwọn ará ìgbà yìí" ni ká kọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yà kan ni, ká fi "ìran" sílẹ̀, ká má sì so iye ọdún kankan mọ́ ọn lọ́rùn.