Okùn Tí Eyín Ẹja Kò Lè Gé: Ìtàn Wáyà Ẹnu Ìwọ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwa Yorùbá gbà pé funfun niyì eyín, ṣùgbọ́n ẹja kan wà nínú odò àti adágún omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ pé mímú ni iyì eyín tirẹ̀. Páìkì ni wọ́n ń pè é. Kò sí nínú omi tiwa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí ẹja kúta lórí àtẹ àwọn ẹlẹ́ja ní Èkó yóò lè fojú inú wò ó: ara gbọọrọ, àgbọ̀n gígùn, ẹnu tí ó kún fún eyín ṣóńṣó. Àwọn eyín kéékèèké tí ó wà ní àjà ẹnu rẹ̀ dorí kọ ọ̀nà ọ̀fun, kí ohun tí ó bá wọlé má baà lè padà jáde; àwọn ńláńlá tí ó wà ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ni ó ń gé nǹkan bí abẹ. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí ni ti okùn kúkurú, bí ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì, tí apẹja ń so sáàrin ìwọ̀ àti okùn gígùn ọwọ́ rẹ̀. Okùn kúkurú yìí ni ó ń bá eyín pàdé.

Ẹni tí kò fi ìwọ̀ pẹja rí lè rò pé bí okùn bá já, ẹja ni ó jèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwọ̀ ṣì wà ní ọ̀fun ẹja náà tàbí nínú ikùn rẹ̀, nígbà mìíràn ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, ó sì lè má lè jẹun mọ́ títí yóò fi kú. Apẹja pàdánù, ẹja náà pàdánù.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1496, Wynkyn de Worde tẹ ìwé kan jáde ní Westminster lórí bí a ti ń fi ìwọ̀ pẹja. Juliana Berners ni wọ́n sábà máa ń pè ní ẹni tí ó kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Irun ìrù ẹṣin ni okùn ìwọ̀ nígbà náà, ìwé náà sì ka iye irun tí ó tọ́ sí ẹja kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó ẹyọ: irun 1 fún ẹja tín-ń-tín, irun 9 fún tíráòtì, 12 fún tíráòtì ńlá, 15 fún sámọ́nì. Nígbà tí ó kan páìkì, kíka irun dópin. Òǹkọ̀wé náà kò ní kí a lo 20 tàbí 30. Irú okùn tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń fa ìlà ẹfun ni ó ní kí a mú, kí a pa á láwọ̀ ilẹ̀, kí a sì fi wáyà dìhámọ́ra fún un. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà. Ẹni tí ó kọ ọ́ mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni okùn tí ó lè gbé ẹrù, ọ̀tọ̀ ni okùn tí ó lè kojú abẹ. Irun tí ó lágbára láti fa sámọ́nì jáde, ìgè kan ṣoṣo ni lẹ́nu páìkì.

Izaak Walton náà dárúkọ wáyà fún páìkì nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1653. Robert Nobbes, tí ó kọ odindi ìwé lórí páìkì nìkan ní 1682, lò ó pẹ̀lú, àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ le: ó ń jẹ́ kí ẹja gbé ìjẹ mì dé ikùn pátápátá kí ó tó fà á.

Lẹ́yìn èyí ni àṣà tuntun dé. Nígbà tí yóò fi di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohun tí àwọn apẹja páìkì ń gbójú lé ni èyí tí wọ́n ń pè ní gimp, irú fọ́nrán tí àwọn aránṣọ fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ sí etí aṣọ. Ṣẹ́dà ni inú rẹ̀. Wáyà idẹ tàbí bàbà tín-ín-rín ni wọ́n wé yí i ká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. (Ṣẹ́dà ni mo wí o, kì í ṣe sányán, kòkòrò tí ó ń pèsè sányán wa yàtọ̀.) Ó rọ̀ lọ́wọ́, ó ń dán, kì í ká kò bíi wáyà lásán. Ta ni kò ní fẹ́ ẹ? Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wáyà tí ó wé e kò gbé ẹrù kankan, eyín nìkan ni ó ń kọ̀; ṣẹ́dà inú ni ó ń ru gbogbo ìfà ẹja. Omi a máa gba àárín wáyà wọlé, ṣẹ́dà kì í sì tètè gbẹ nínú ibẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹrà, tí ìta yóò ṣì máa dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Apẹja yóò yọ ọ́ nínú àpótí lọ́dún kejì, yóò wò ó, yóò rí i pé kò sí àbùkù lára rẹ̀, páìkì ńlá yóò sì já a bí òwú.

Èrò tèmi ni pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti lò, gimp ni ó burú jù, kì í ṣe nítorí pé òun ni ó rọ̀ jù, bí kò ṣe nítorí pé ó ń fi àìlera rẹ̀ pamọ́. Irun ẹṣin kò tan ẹnikẹ́ni jẹ rí.

Wáyà irin lásán ní ìṣòro tirẹ̀: a máa dípẹtà, bí ó bá sì ti ká kò lẹ́ẹ̀kan, ojú ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́. Ní 1913, ní ìlú Sheffield, Harry Brearley ń wá irin tí yóò tọ́jọ́ fún ẹnu ìbọn, ó sì rí irin tí kì í tètè dípẹtà. Ọ̀bẹ ìjẹun ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í rọ níbẹ̀. Ó wá di pé irin ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń dènà eyín tí ó dà bí ọ̀bẹ.

Náílọ́nù, tí Wallace Carothers àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ní 1935, yí iṣẹ́ ìwọ̀ padà fún ọ̀pọ̀ ẹja, àmọ́ eyín páìkì kò kà á sí. Fluorocarbon, tí ilé-iṣẹ́ Kureha ní Japan fi ṣe okùn ìwọ̀ ní 1971, ni àríyànjiyàn rẹ̀ kò tíì tán. Ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá lọ́nà tí ó súnmọ́ ti omi (òdiwọ̀n omi jẹ́ 1.33, tirẹ̀ jẹ́ 1.42, ti náílọ́nù lé ní 1.5), nítorí náà ẹja kì í tètè rí i. Àwọn kan ń lo èyí tí ó nípọn gan-an fún páìkì. Ó ṣòro gé ju náílọ́nù lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé gé. Àwọn ẹgbẹ́ apẹja páìkì ní Britain kò yí ohùn padà: wáyà ni wọ́n ní kí a lò, gẹ́gẹ́ bí ìwé 1496 ti wí.

Wáyà tí ó wọ́pọ̀ lónìí jẹ́ fọ́nrán irin 7 tàbí 49 tí a lọ́ pọ̀. Ó rọ̀ tó gimp, kò sì ní ṣẹ́dà nínú. Bí ẹja bá ti jẹ ẹ́ lára, fọ́nrán kan á já, á yọrí síta, á sì gún apẹja níka nígbà tí ó bá ń fọwọ́ rà á. Wọn kì í dúró de èkejì. Wọ́n á gé e sọnù, wọ́n á so òmíràn.