Ohùn Òbí, Ohùn Àbíkú: Àfiwé Ewì J. P. Clark àti ti Wọlé Ṣóyínká

Ìfáárà

Àbíkú sọ olóògùn di èké. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá. Ohun tí a kì í sábà kíyè sí ni pé ẹni mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀: òbí tí ó bẹ olóògùn lọ́wẹ̀, olóògùn tí iṣẹ́ rẹ̀ já sí asán, àti ọmọ tí ó sọ ọ́ di èké. Ní àárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn akéwì ilẹ̀ Nàìjíríà méjì gbé ewì wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú ìwé, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àkọlé kan náà ni wọ́n fún un: “Abiku”. Ète wa níhìn-ín ni láti yẹ ohùn, ìmọ̀lára àti ọnà èdè inú ewì méjèèjì wò, kí a sì fi hàn pé àṣà Yorùbá lè ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ibi tí wọ́n ti pàdé àti ibi tí wọ́n ti yà.

Àwọn akéwì àti àkókò wọn

Ọdún 1934 ni a bí Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta. Ọmọ Ijaw ni J. P. Clark, ará Kiagbodo ní ìpínlẹ̀ Delta ti òde òní. Ó kú ní ọdún 2020. Àwọn méjèèjì ni wọ́n kàwé ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ṣóyínká kọjá sí Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1954, ó sì padà wálé ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira. Clark ni ó dá ìwé ewì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ń kọ, The Horn, sílẹ̀ ní 1958. Àwọn méjèèjì sì wà nínú ẹgbẹ́ Mbari tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961. Ewì Clark wà nínú A Reed in the Tide, tí ó jáde ní 1965. Ti Ṣóyínká wà nínú Idanre and Other Poems, tí ó jáde ní 1967.

Ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ọn pé Clark kì í ṣe Yorùbá, nítorí àwọn olùdánwò kan a máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ nínú ọmọ tí ń kú tí ń padà wá kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan; ogbanje ni àwọn Ìgbò ń pe tiwọn. Orúkọ Yorùbá ni Clark yá, ṣùgbọ́n ilé ẹsẹ̀ odò ni ó fi ewì rẹ̀ sí: ògiri ọparun, ẹja tí a ń yan lókè iná, àti àpá tí ó rí ṣákaṣàka bí ẹnu ẹja onídà.

Ohun tí orúkọ àbíkú kọ́ wa

Kí a tó bọ́ sínú àwọn ewì náà, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọ̀nà méjì ni àwọn òbí Yorùbá máa ń gbà bá àbíkú sọ̀rọ̀ nínú orúkọ. Èkíní ni ẹ̀bẹ̀: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó. Èkejì ni èébú àti ìhalẹ̀: Ajá, Àkísàátán, Kòsọ́kọ́. Orúkọ ìkẹyìn yìí ń sọ fún ọmọ pé kò sí ọkọ́ tí a ó tún fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ín mọ́. Òbí kan náà ni ó ń bẹ̀ tí ó sì ń bú. Ìrora kan ṣoṣo ni ó bí ohùn méjèèjì.

Ewì Clark

Ohùn méjèèjì yìí gan-an ni a bá nínú ewì Clark. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ń ṣojú fún ìdílé. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ó ti sú: bí inú ilé kò bá tẹ́ ọmọ lọ́rùn, kí ó dúró sórí igi osè lọ́hùn-ún pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìhalẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni ó jẹ́wọ́ ipò òṣì ilé náà: òrùlé ń jò, àdán àti òwìwí ń yọ wọ́n lẹ́nu lóru. Síbẹ̀, ilé yìí ni ó ti tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ dàgbà. Láti ibẹ̀ ni ohùn ti yí padà di ẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ wọlé, kí ó sì jókòó, nítorí ara ìyá ti rẹ̀, wàrà ọmú rẹ̀ sì ń kan.

Àwítúnwí ni ọnà èdè tí ó gbé ẹ̀bẹ̀ náà ró. Bí a ti ń pe ọmọ wọlé lẹ́ẹ̀kan ni a tún ń pè é. Ewì náà kò pín sí ìpín-ìpín. Ó ń lọ geere bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò fẹ́ dánu dúró kí ọmọ má baà lọ. Àánú àti ìbànújẹ́ ni ó fi sí òǹkàwé lọ́kàn.

Ewì Ṣóyínká

Nínú ewì Ṣóyínká, ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń fèsì. Ìpín mẹ́jọ ni ewì náà ní, ìlà mẹ́rin-mẹ́rin, ó ṣe ṣókí bí ọfọ̀. Àbíkú ka gbogbo ohun ètùtù, ó sì pegedé wọn: ẹ̀gbà ẹsẹ̀, ewúrẹ́, owó ẹyọ, epo pupa, eérú. Ó fi ìbéèrè pèsìjẹ gún òbí lára: ṣé kí òun máa sunkún nítorí ewúrẹ́ àti owó ẹyọ? Ohùn ẹ̀gàn àti ìfọ́nnu ni èyí. Ìmọ̀lára tí ó mú wá kì í ṣe ẹ̀gàn, bí kò ṣe ẹ̀rù: òru, aláǹtakùn, epo àtùpà tí ń gbẹ, ejò tí ó ká sí ẹnu ọ̀nà.

Ibí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà ń ṣìnà. Wọ́n a da ohùn pọ̀ mọ́ ìmọ̀lára. Ohùn ni ìhà tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kọ sí ẹni tí ó ń bá wí. Ìmọ̀lára ni ohun tí ewì náà fi sílẹ̀ lọ́kàn ẹni tí ó kà á. Àbíkú lè máa ṣẹ̀fẹ̀ kí àyà tiwa sì máa já.

Àpá kan, ìtumọ̀ méjì

Bí a bá fẹ́ àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tí yóò fi ìyàtọ̀ wọn hàn, àpá ara ni kí a mú. Lọ́dọ̀ Clark, àpá ọ̀bẹ àti etí tí a gé ni ẹ̀rí tí ìdílé fi dá ọmọ wọn mọ̀. Wọ́n kà á bí ẹni ń ka ojú ọmọ tí ó ti ìrìn àjò dé. Lọ́dọ̀ Ṣóyínká, àbíkú ni ó ń pàṣẹ pé kí wọ́n fi ìkarahun ìgbín gbígbóná sàmì sí òun láyà, kí wọ́n lè dá òun mọ̀ nígbà tí òun bá tún dé. Ohun tí òbí fi ṣe ìdè ni ọmọ sọ di yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ èrò pé àbíkú Ṣóyínká ń yọ̀ títí dé òpin. Nínú ìpín tí ó kẹ́yìn, ìfọ́nnu dákẹ́. Ó ń kérora, ó sì ń fi pupa inú ẹyin mọ òkìtì. Ẹyin jẹ́ àmì ìyè. Òkìtì rán wa létí ibojì. Ẹni tí ó ti ń ṣẹ́gun láti ìbẹ̀rẹ̀ kò rí ibì kan fi ṣe ilé. Níbí ni ewì méjèèjì ti pàdé: ìyá kò ní ọmọ, ọmọ kò ní ìyá.

Àgbálọgbábọ̀

Lónìí, a mọ̀ pé àrùn bí ibà àti fòníkú-fọ̀la-dìde wà lára ohun tí ó pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí a pè ní àbíkú. Ìmọ̀ yìí kò sọ ewì náà di asán. Ó jẹ́ kí a rí i pé ọmọ tí ara ń ro ni wọ́n fi ọ̀bẹ kọ lára, àti pé ìfẹ́ ni ó mú ọ̀bẹ náà dání. Kí olùdánwò kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó ń bá wí, kí ó wá ibi tí ohùn ti yí padà, kí ó tó ka ọnà èdè kankan. Kí olùkọ́ náà sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bóyá Málọmọ́ tàbí Kòsọ́kọ́ kan wà nínú ìdílé wọn. Ìdáhùn wọn ni yóò ṣí ilẹ̀kùn ewì náà fún wọn.