Omi Rẹ́mọ: Ìjì, Koríko àti Àjẹ̀

Tí wọ́n bá dárúkọ Rẹ́mọ, kí ló kọ́kọ́ ń wá sí yín lọ́kàn? Obì Ṣàgámù, àbí Awólọ́wọ̀ ará Ìkẹ́nnẹ́? Ó dájú pé kì í ṣe omi.

Bẹ́ẹ̀, omi ni Rẹ́mọ fi ń bá Èkó ṣòwò láyé àtijọ́. Ìkòròdú, tó jẹ́ ìlú Rẹ́mọ kí Gẹ̀ẹ́sì tó fà á mọ́ Èkó ní 1894, ni èbúté wọn. Ibẹ̀ ni ẹrù ti ń wọ ọkọ̀ gba orí ọ̀sà lọ. Orí ọ̀sà kan náà làwọn apẹja ń da àwọ̀n sí títí dòní. Báwo ni wọ́n ṣe ń pẹja níbẹ̀ tí wọ́n ń padà wálé láàyè?

Ọ̀tá àkọ́kọ́ ni ìjì. "Tornado" làwọn òyìnbó ìgbà yẹn ń pè é. Ìgbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, láti oṣù kẹta, àti ìgbà tó ń parí, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, ló máa ń le jù. Ìlà oòrùn, lápá Ẹ̀pẹ́, ló sábà máa ń gbà wá. Ooru á mú, ewé ò ní mì, ojú ọ̀run á ṣú, atẹ́gùn tútù á sì já lu omi kí òjò tó dé rárá. Ẹni tó bá dúró de òjò kó tó wakọ̀ wá sétí omi ti pẹ́ jù.

Ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀sà Èkó kò ju mítà mẹ́ta lọ. Ẹ má jẹ́ kíyẹn tàn yín o. Nínú omi tí kò jìn, ìgbì máa ń ga ṣánṣán, ó sì ń tẹ̀lé ara wọn wéréwéré. Ìdí nìyẹn tí apẹja fi ń kọ orí ọkọ̀ sí ìgbì, kì í fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbà á.

Ní 1984 ni ọ̀tá tuntun yọjú: koríko olódòdó àlùkò tó ń léfòó bí ojú oró. Láti Bẹ̀nẹ̀ ló ti gba apá Àgbádárìgì wọlé. Iyọ̀ inú omi ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ tí òjò bá dé, á tún bo omi. Ó máa ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Ká ní ìjì ń bọ̀ lásìkò yẹn ńkọ́? Àjẹ̀ àwọn bàbá wa nìkan ló kù.

Fóònù yín lè sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, ẹ ṣì wo ìlà oòrùn fúnra yín. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì lára, àjẹ̀ nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì tètè wálé. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ lọ pẹja.