Ọjọ́ Orí Wo Ni Ọmọdé Ń Di Ẹni Tó Mọ Ohun Tó Ń Ṣe?

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ ọmọ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n inú ìtàn òfin ni n ó ti mú un wá.

Ní 1916, ìjọba àmúnisìn tan òfin ìwà ọ̀daràn ká gbogbo Nàìjíríà. Queensland, ní Australia, ni wọ́n ti wo àwòkọ rẹ̀. Abala 30 rẹ̀ sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 kò lè jẹ̀bi rárá. Ẹni tí kò tíì pé 12 náà kò jẹ̀bi, àfi bí ẹ̀rí bá wà pé ó mọ̀ pé ohun tí òun ṣe kò yẹ. Àwọn baba wa kò kọ iye ọdún sílẹ̀ ní tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Kí ọmọ tó pé ọdún 7, ọpọlọ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ti àgbà. Títóbi kọ́ ni gbígbó o! Ní Amẹ́ríkà, Jay Giedd àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọpọlọ àwọn ọmọ léraléra bí wọ́n ti ń dàgbà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 fi hàn pé ọpọlọ ṣì ń tún ara rẹ̀ tò nígbà ọ̀dọ́. Apá iwájú, èyí tó ń bá ni ro àròjinlẹ̀, tó ń sọ pé "dúró ná," òun ló ń gbó kẹ́yìn, ó sì lè tó nǹkan bí ọdún 25. Apá tó ń wá adùn ti gbóná ṣáájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ ọdún 16 fi lè rojọ́ bí lọ́yà nílé, ṣùgbọ́n tí ọ̀rẹ́ mẹ́ta bá yí i ká, á ṣe ohun tí yóò ya òun náà lẹ́nu.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 fi ààlà sí ọdún 18. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 2024, àwọn ọmọdé wà lára àwọn tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ ní Àbújá lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Àwọn kan ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀ kí Ààrẹ tó pàṣẹ, ní ọjọ́ 4 oṣù náà, pé kí wọ́n tú wọn sílẹ̀.

Nílẹ̀ Ìgbò níbí, mkpụrụ mmiri ló ń bà mí lẹ́rù. Ní 2021, àwọn ìlú kan ní Ànáńbrà na àwọn tó ń mu ún lẹ́gba ní gbangba. Èmi kò rí bí ẹgba ṣe lè mú ọpọlọ gbó.