Iyọ̀, Oòrùn àti Ẹran Gbígbẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àyángbẹ ajá dùn, ṣùgbọ́n kí ni a ó máa jẹ kí ajá tó gbẹ? Ẹni tí ebi òní kò jẹ́ kí ó lè dúró de adùn ọ̀la ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún. Síbẹ̀, ìmọ̀ kan fara pamọ́ sínú rẹ̀: àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ẹran tí omi ara rẹ̀ bá ti gbẹ yóò pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ibi gbogbo tí ènìyàn ti ń pa ẹran ńlá tí agbo ilé kan kò lè jẹ tán lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ti wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi pa ìyókù mọ́. Ìtàn ọgbọ́n náà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí pé ó kan àwọn ọmọ Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ.

Ojú ọjọ́ ni ó máa ń pinnu ọ̀nà tí olúkúlùkù ń gbà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní agbègbè igbó, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kò jẹ́ kí oòrùn nìkan lè ṣe iṣẹ́ náà parí. Iná àti èéfín ni àwọn ìyá wa gbójú lé. Lórí pẹpẹ tí a fi igi tẹ́ sókè ààrò ni wọ́n ti ń yan ẹran tí ọdẹ bá gbé wálé. Ní ilẹ̀ Haúsá, níbi tí ọyẹ́ ti ń gbẹ ohun gbogbo, wọ́n máa ń la ẹran màlúù pẹlẹbẹ bí aṣọ, wọn a sá a sóòrùn, wọn a fi ẹ̀pà lílọ̀, ata àti èròjà mìíràn pa á lára, wọn a tún un sá, kí wọ́n tó fi í han iná. Òun ni kílíṣí tí gbogbo wa ń rà jẹ.

Lórí àwọn òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, otútù òru àti oòrùn ọ̀sán ni àwọn tí ń sọ èdè Quechua fi ń ṣe tiwọn. Ẹran llama, ẹran ọ̀sìn tí ń ru ẹrù fún wọn, ni wọ́n ń lò, ch'arki sì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọba Inca a máa kó o pa mọ́ sínú àká fún àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì gbógun wọ ilẹ̀ náà ní 1532, wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n gba oúnjẹ, wọ́n sì gba orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ara orúkọ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí jerky. Òun náà ni ó di charque ní Bràsíìlì.

Nínú ilé, iṣẹ́ náà kò ṣòro. Ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíìlì, ìyàwó ilé yóò la ẹran màlúù sí pẹlẹbẹ, yóò fi iyọ̀ pa á tinú-tẹ̀yìn, yóò sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Iyọ̀ yóò fa omi jáde. Níbi tí omi kò bá sì tó, ohun tí ń mú ẹran rà kò lè gbilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e kọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹran oòrùn ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n ń pè é, carne-de-sol, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ṣe é ni ó ń jẹ ẹ́, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Charque yàtọ̀. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè la òkun já láìbàjẹ́. Àǹfààní yìí gan-an ni ó gbé e kúrò nínú ilé lọ sí ọjà. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìpínlẹ̀ Ceará ni ó gbajúmọ̀ fún un. Nígbà tí ọ̀dá pa àwọn màlúù ibẹ̀ ní nǹkan bí 1777, Pọtogí kan tí ń jẹ́ José Pinto Martins kó lọ sí gúúsù, ó sì dá ilé iṣẹ́ charque sílẹ̀ ní Pelotas, ní Rio Grande do Sul, ní 1780. Kò pẹ́ kò jìnnà, irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá odò.

Àwọn adúláwọ̀ tí a kó lẹ́rú ni ó ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù karùn-ún, wọ́n ń pa màlúù, wọ́n ń bó o, wọ́n ń la á, wọ́n ń fi iyọ̀ tò ó jọ bí òkìtì, wọ́n ń tú òkìtì náà tò, wọ́n sì ń gbé ẹran kọ́ sórí igi gbọọrọ nínú oòrùn. Bí àsìkò ẹran bá parí, iṣẹ́ bíríkì ni ó kàn. Auguste de Saint-Hilaire, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Faransé, dé sí ilé Antônio José Gonçalves Chaves, ọ̀kan lára àwọn olówó charque, ní 1820. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé pẹ̀lú ìnira ni wọ́n ń lo àwọn ẹrú níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọmọdékùnrin ẹrú kan tí ó máa ń dúró nínú yàrá àlejò láti jẹ́ iṣẹ́ fún gbogbo ilé, ó ní òun kò mọ ẹ̀dá tí ìyà ń jẹ tó ọmọ náà.

Ta wá ni ó ń jẹ ẹran náà? Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ọkọ̀ òkun ń kó o lọ sí Rio de Janeiro àti Bahia. Ní Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní tasajo, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Buenos Aires àti Montevideo wá. Oúnjẹ tí àwọn olóko ń rà fún ẹrú ni, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í tètè bàjẹ́. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, àìmọye ọmọ Yorùbá ni a kó lọ sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ Nagô, àti sí Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ Lukumí. Bí a bá ń ka ìtàn ọ̀tẹ̀ àwọn Malê ní Salvador ní 1835, èyí tí Nagô pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó yẹ kí a rántí pé ẹrú ní gúúsù ni ó ń sá ẹran tí ẹrú ní àríwá ń jẹ. Àwọn èèyàn wa dé gúúsù náà. Títí di òní, àwọn ẹlẹ́sìn Batuque ní Rio Grande do Sul ṣì ń fi Oyó àti Ijexá pe ẹ̀ka ẹ̀sìn wọn.

Ọkọ̀ tí ó kó charque lọ sí àríwá kì í padà lófìfo. Ṣúgà ni ó máa ń kó bọ̀. Ṣúgà yìí ni àwọn ìdílé olówó Pelotas fi ń ṣe oríṣiríṣi ìpápánu aládùn, tí ìlú náà fi di olókìkí. Ní 2018, ìjọba Bràsíìlì ka iṣẹ́ ìpápánu náà mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Òmìnira ti dé fún àwọn ẹrú Kúbà ní 1886 àti fún ti Bràsíìlì ní 1888, ilé Gonçalves Chaves sì ti di ibi tí àlejò ń wò.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìpápánu. Ohun tí mo ń wí ni pé ọ̀bẹ kan náà, iyọ̀ kan náà àti oòrùn kan náà ni ìyá ọlọ́mọ àti ọ̀gá ẹrú lò. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹni tí ó ni ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́ náà, àti ẹnu tí ó ń ṣiṣẹ́ fún. Adùn ni ìlú náà fi ń ṣe àlejò lónìí. Kí ọmọ Yorùbá tí ó bá dé ibẹ̀ jẹ ẹ́, kí ó sì béèrè ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń sá ẹran.