Ọkọ̀ tí wọ́n tò nítòsí àti tòkunbọ̀: èwo ló ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni?



Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín wa: ṣé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe nítòsí ló ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni ni, àbí èyí tó ti òkè òkun wá? Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn.

Lọ́dún 1975, ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Peugeot wà ní Kàdúná. Volkswagen, tó ń to “Ìjàpá”, wà ní Òjó, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì tí àwa náà ń gbà lọ sí Èkó. Ní Faransé, wọ́n dáwọ́ ṣíṣe Peugeot 504 onílé dúró lọ́dún 1983, ṣùgbọ́n Kàdúná ń tò ó lọ títí ó fi kọjá ọdún 2000. Irin 504 le lóòótọ́. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kó pẹ́ jù ni pé páàtì rẹ̀ wà nítòsí, gbogbo mẹkáníìkì ló sì mọ inú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyí: títò ni wọ́n ń tò ó níbẹ̀, inú àpótí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ ti ń bọ̀ láti Yúróòpù. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lọ́dún 1986, owó ọkọ̀ “ilé” fò sókè, ọwọ́ olùkọ́ àti akọ̀wé kò tó o mọ́. Tòkunbọ̀ bá gba ọjà. Ní tiwa, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n dín owó sẹ́fà kù sí ìdajì: faransì kan ti ilẹ̀ Faransé tí à ń fi 50 sẹ́fà rà di 100. Ọkọ̀ tuntun di ohun tí à ń fi ojú lásán wò. Kútọnu di ojúkò ọjà tòkunbọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba ààlà kọjá, kí ìjọba Nàìjíríà tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé lọ́dún 2017.

Kí ni a rí kọ́? Ọjọ́ tí a ra ọkọ̀ kọ́ ni à ń mọ iye tó jẹ́. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ ní pọ́ọ́kú, tí kò rí páàtì rẹ̀ ní gbogbo Àjàṣẹ́, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni yóò ti san ìyókù. Ohun tó gbé 504 ga nígbà náà ló gbé Toyota ga lónìí: ó pọ̀ lóde, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n tún ṣe. Kí a tó sanwó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì wa pé: páàtì eléyìí, níbo la ó ti rí i, èló sì ni?

Ẹ̀yin tí bàbá yín ní 504 tàbí Ìjàpá, ọdún mélòó ni wọ́n fi lò ó? Ẹ sọ fún wa.