Èló Lẹ Ó Gbà Gan-an? Ìtàn Bí A Ṣe Ń Ná Ohun Èlò Ìdáná, láti Ayé Ìkòkò Amọ̀ títí dé Ayé Gáàsì

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí àwa àgbà díẹ̀ kọ nǹkan sínú ìwé àjọ̀dún yìí, àwọn kan ní kí á kọ nípa àwọn ìyálọ́jà àtijọ́, àwọn kan ní kí á kọ nípa owó èlé. Àwa yan ohun tó kan gbogbo ilé: bí obìnrin ṣe ń ná ohun èlò ìdáná kó tó rà á. Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ wa ká nígbà kan, a ó sì sọ ọ́ bí a bá débẹ̀.

AYÉ ÀÀRÒ MẸ́TA

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Láyé àwọn ìyá-ìyá wa, ohun tó ń jẹ́ ilé ìdáná kò ju ààrò, ìkòkò, ọlọ, odó àti igbá lọ. Obìnrin ló ń mọ ìkòkò, obìnrin ló ń tà á, obìnrin náà ló ń rà á. Ìlọrin, Ìpetumodù àti Ìsàn-Èkìtì wà lára àwọn ìlú tí òkìkí wọn kàn nídìí iṣẹ́ amọ̀. Àwọn alájàpá a máa ru ìkòkò lọ sí ọjà ọrọọrún ní ìlú mìíràn.

Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ẹni tó bá ń ka owó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan báyìí kò ní í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Oníbàárà kì í kọ́kọ́ béèrè iye. Á gbé ìkòkò sókè sí oòrùn, á wo inú rẹ̀, á fi ìka kàn án. Bó bá dún gooro bí agogo, ó jiná. Bó bá dún pọ̀kọ̀, ó ti sán níbì kan nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló máa tó sọ pé, "Èló nìkòkò yìí?" Ẹni tó ń tà á dá iye kan, ẹni tó ń rà á bù ú sí méjì, àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi kún un." "Ẹ ò rí i pé etí rẹ̀ wọ́ ni?" "Ẹ má jẹ́ kí n pàdánù o, ìyá." Bí wọ́n ṣe ń fà á ni wọ́n ń di oníbàárà ara wọn. Bí iye bá wá bára mu, ẹni tó rà á á ní, "Èènì mi ńkọ́?" Wọ́n á sì fi ìdérí tàbí ìkòkò kékeré kan ṣe èènì fún un.

Ẹ fi nǹkan mẹ́ta sọ́kàn níbẹ̀. Wọ́n yẹ ọjà wò kí wọ́n tó dá owó, wọ́n ná an, wọ́n sì gba èènì. A ó padà síbẹ̀.

NÍGBÀ TÍ IYE DI ÀKỌSÍLẸ̀

Nígbà tí àwọn oníṣòwò òyìnbó gbilẹ̀, ìkòkò irin dé, abọ́ tánńganran dé, sítóòfù oníkẹrosíìnì náà dé. Àwọn bíi John Holt àti UAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, ń kó ọjà fún àwọn obìnrin wa, àwọn wọ̀nyí sì ń tú u tà lọ́wọ́ọ̀wọ́. Lọ́dọ̀ òyìnbó, kò sí èènì. Ní sọ́ọ̀bù ńlá bíi Kingsway, tí UAC ní, wọ́n ti kọ iye mọ́ ọjà lára. Bí o bá lówó, o rà á. Bí o ò bá lówó, o fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n pé ìtìjú ni kéèyàn máa ná ọjà nínú sọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ ìtìjú yìí.

Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ a máa rà láwìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ń gbé aṣọ kiri láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń tà á láwìn fún àwọn èèyàn láti máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá pé, tí olówó ò bá rí i san, oníṣòwò á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní òṣó lòun máa ló títí òun á fi gbowó òun. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. A ń rẹ́rìn-ín sí i lónìí, àmọ́ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Iye àwìn kì í ṣe iye owó ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ san díẹ̀díẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè iye méjèèjì kó tó gbé ọjà.

OGUN HITLER ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Lásìkò ogun Hitler, láti 1939 sí 1945, ọjà ilẹ̀ òkèèrè wọ́n. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan wá ń fi ọjà tí kò tà so mọ́ èyí tó ń tà. Bí o bá fẹ́ èyí tí àwọn èèyàn ń wá, àfi kí o ra èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ mọ́ ọn. Àwọn obìnrin ọjà gbé e dání wálé, wọ́n sì jẹ gbèsè rẹ̀.

Ní Èkó, ìjọba ní kí Captain A. P. Pullen dá iye lé oúnjẹ bíi gàrí. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Erékò, kọ̀ jálẹ̀. Àlàyé àwọn obìnrin náà kò ṣòro: iye tí ìjọba dá kò tó owó tí wọ́n fi ra gàrí lóko àti owó ọkọ̀. Pullen fẹ́ kó bá òun ṣiṣẹ́, kò gbà. Nígbà tí ogun parí ní 1945, ìjọba yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ iye oúnjẹ náà. Pelewura kú ní 1951. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá lọ ná ọjà lọ́dọ̀ ẹni tó lágbára, wọ́n á lé e. Bí ọgọ́rùn-ún bá jọ lọ, wọ́n á ní kí wọ́n jókòó.

Orí èrò yìí kan náà ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dúró lé. Àwọn baba wa ti ń dá èésú àti àjọ tipẹ́, ṣùgbọ́n ní 1935 ni òfin ìjọba lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní Nàìjíríà. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ nílẹ̀ wa. Nígbà tó yá, àwa obìnrin ọjà náà rí i pé owó tí a kó jọ lè ra ohun tí owó ẹnì kan ò lè rà.

ỌDÚN TÍ A RA GÁÀSÌ

Ó wá kan tiwa. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ díẹ̀. SAP dé ní 1986, nígbà tí yóò fi di 1987, dọ́là kan ti di nǹkan bíi náírà mẹ́rin. Gbogbo ohun tó bá ti òkèèrè wá gbówó lórí. Ìyá tó fẹ́ fi gáàsì-kúkà sẹ́rù ìyàwó ọmọ rẹ̀ kò rí i rà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọlọ àti odó nìkan kò tó ẹrù ìyàwó mọ́ lójú àwọn ọmọ ìsinsìnyí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mẹ́rìnlélógún nínú wa fọwọ́ sí i pé kí ẹgbẹ́ bá wa ra gáàsì-kúkà papọ̀, kí a máa san án fún ẹgbẹ́ lóṣooṣù. A yan ẹni mẹ́ta, akápò wa sì wà nínú wọn. Wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Èkó, sí sọ́ọ̀bù ńlá kan tí a kò ní í dárúkọ. Ohun tí wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà nìyí: ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, ọmọkùnrin tó wọ táì ń pè wọ́n ní "Mà". Àwọn obìnrin tó lè fi wákàtí kan ná agbọ̀n tòmátì, ojú tì wọ́n láti ná. Iye tí wọ́n kọ mọ́ ọn ni wọ́n san. Wọ́n san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí wọ́n ní ọjà náà kò ní í pẹ́ tán. Rìsíìtì tí wọ́n gbà, "Gas cooker, 24" ló wà nínú ẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ já ẹrù, irú èyí tí wọ́n fi hàn wọ́n kọ́ ló dé. Ó kéré sí i. Gíláàsì mẹ́rin ti fọ́. Kò sí rọ́bà, kò sí ohun tí a ó fi so ó mọ́ sílíńdà. A padà lọ, wọ́n ní ọjà tí a ti tà kì í padà. A ní irú èyí tí a rà kọ́, wọ́n ní kí a fi hàn wọ́n níbi tó wà nínú rìsíìtì.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi kúrò lórí sọ́ọ̀bù, tó bọ́ sórí akápò. Àwọn kan ní ó jẹ nínú owó náà. A jókòó, a yẹ ìwé wò, kò sí kọ́bọ̀ tó sọnù. Síbẹ̀ ẹnu ò dákẹ́. Obìnrin náà ta aṣọ tó wà nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó fi san owó gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì wá sípàdé mọ́ títí ó fi kú. Ìyókù àdánù náà, ẹgbẹ́ ló gbé e, èrè ọdún méjì sì bá a lọ.

BÍ A ṢE PADÀ KỌ́ ỌJÀ NÍNÁ

Nígbà tí a tún fẹ́ rà, ìyá àgbà kan láàárín wa, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ amọ̀kòkò, dìde nípàdé. Ó ní, "Ṣé ẹ máa ń ra ìkòkò láì kàn án ni?" Gbogbo wa dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn la fi ṣòfin, òun la sì ń tẹ̀ lé títí dòní:

Àkọ́kọ́, ẹ dé sọ́ọ̀bù mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ gba iye sílẹ̀ kí ẹ tó ná ibì kankan. Iye tí wọ́n kọ mọ́ ọjà lára, ibẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ rà, nítorí ẹni tó ń ra mẹ́rìnlélógún kò gbọ́dọ̀ san iye ẹni tó ń ra ẹyọ kan.

Ìkejì, ẹ béèrè ohun tó wà nínú owó náà. Ṣé rọ́bà wà níbẹ̀? Owó ọkọ̀ ńkọ́? Ta ni yóò tò ó? Bí wọn ò bá lè dín owó kù mọ́, ẹ gba èènì. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, wọ́n ní àwọn ò lè yọ ju bíńtín lọ, àmọ́ wọ́n fi rọ́bà mẹ́rìnlélógún àti owó ọkọ̀ ṣe èènì fún wa.

Ìkẹta, ẹ má san gbogbo owó tán. Ìdá kan nínú mẹ́ta la san. Ìyókù di ìgbà tí ẹrù bá dé, tí a bá ti tú páálí, tí a tan gbogbo ojú iná, tí a sì fi omi ọṣẹ pa ojú ibi tí rọ́bà ti so. Bó bá ń hó, gáàsì ń jò nìyẹn.

Ìkẹrin, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ọjà, nọ́ńbà rẹ̀, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa dé sínú ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Ẹrù náà dé pé. Kò sí ẹyọ kan tó fọ́.

ÌLÉ ÌDÁNÁ ÒDE ÒNÍ

Àwọn ọmọ wa kì í ra gáàsì nìkan mọ́. Kíṣìnnì odidi ni wọ́n ń rà: kọ́bọ́ọ̀dù, síǹkì, kúkà, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Sọ́ọ̀bù á dá iye kan ṣoṣo lé gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n dá iye ohun kọ̀ọ̀kan àti owó iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí wọ́n bá ń kọ̀ láti tú, ibẹ̀ ni owó pọ̀ sí. Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà, iye tí wọ́n dá lónìí lè yí kí ẹ tó délé. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n iye ọjọ́ tí àwọn máa fi dúró lórí iye náà, kí wọ́n sì kọ ọ́.

Òfin náà ti wá wà lẹ́yìn oníbàárà. Àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà ti wà lábẹ́ òfin láti 1992, òfin tuntun ti 2018 sì tún fún un lágbára sí i. Òfin yẹn ní kí olùtajà fi iye ọjà hàn, kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó fi hàn lọ. Kò ní kí ẹ̀yin má ná an wá sílẹ̀ o.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Akápò wa tí a ń wí yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ wa lónìí, yóò sì ka ìwé yìí. Ìyá rẹ kò jalè. Ojú ló tì í láti ná ọjà, irú ìtìjú tó lè mú ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwa tí a pariwo lé e lórí nígbà náà, a ò tọrọ àforíjì kó tó lọ. A tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ báyìí, níwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Ìdí tiwa gbóná, a sì jẹ ata náà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a tún ṣe àjọ̀dún mìíràn láyọ̀. Ẹ máa ná ọjà yín, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín.